‘Dúró sí àyè ẹ!’ Ariwo tí kóòṣì kan pa mọ́ ọmọ Adó-Àwáyè, tó kan Super Eagles náà

Ọmọ náà kò lè ju ẹni ọdún 16 lọ. Dífẹ́ńdà ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ṣe, nọ́ńbà 3 ló wà lẹ́yìn aṣọ ẹ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un kí wọ́n tó wọ pápá pé kò sí nǹkan kan tó kàn án níwájú, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa dá àwọn tó bá fẹ́ gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ kọjá padà. Àmọ́ nígbà tí eré ọ̀hún wọ bí ogún ìṣẹ́jú, ọmọ yìí já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ ẹnì kan, ló bá kọrí síwájú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹni àkọ́kọ́ kọjá, ó yẹ ẹnì kejì sílẹ̀. Kóòṣì wọn tó wà létí pápá fi igbe bọnu, “Dúró sí àyè ẹ! Mo ní o dúró sí àyè ẹ!” Ta ló ń gbọ́? Ọmọ yẹ ẹni kẹta sílẹ̀, ó já wọ àárín, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù náà. Igi ló bà. Bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn, àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a gbé e, ojú ọ̀nà tí nọ́ńbà 3 fi sílẹ̀ gan-an ni wọ́n gbà, kò sì sẹ́ni tó dá wọn dúró títí tí wọ́n fi gbá a wọlé.

Ojú ẹsẹ̀ ni kóòṣì yọ ọ́. Ọmọ náà lọ jókòó sábẹ́ igi, ó fi aṣọ bojú.

Adó-Àwáyè lèyí ti ṣẹlẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn. Ẹni tó bá dé ìlú náà rí mọ̀ pé kò síbi téèyàn lè dúró sí tí kò ní í rí òkè. Òkè Adó ni wọ́n ń pè é, orí ẹ̀ ni omi Ìyàkẹ̀ wà, omi tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò, àtẹ̀gùn 369 sì lẹ máa gùn kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò sẹ́ni tó wojú òkè. Ìjà ti kúrò láàárín kóòṣì àti ọmọ, ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwa òǹwòran.

Bàbá kan tó jókòó lórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ní ojú òun ni IICC ṣe gba ife, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Kóòṣì ò jẹ̀bi,” ni bàbá wí. “Wọ́n ní kó ṣọ́lé, ó lọ ń ṣọdẹ. Olè wá wọlé tán, ó ń sunkún.”

Ọlọ́kadà kan tó jókòó lórí ọ̀kadà ẹ̀ ló dá a lóhùn. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Ayé ẹni tó ń dúró sójú kan ti lọ. Ẹ wo àwọn Manchester City, dífẹ́ńdà wọn á ti dé àárín kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run ni nọ́ńbà 3 òde òní, sà.”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ibì kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí Òkè Adó, ọ̀nà tóóró kan ni, ọ̀gbun wà lábẹ́ ẹ̀, ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé níbẹ̀, ẹjọ́ ti di tọ̀run.

“Èmi ò mọ City,” bàbá fèsì. “Ṣẹ́gun Odẹ́gbàmí ni mo mọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi í sí, ọwọ́ ọ̀tún náà lẹ ó sì ti bá a.”

Mi ò dá sí i, torí àlejò ni mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé ìjà tí bàbá àti ọlọ́kadà ń jà yẹn, òun náà ni Nàìjíríà ti ń jà látọjọ́ tá a ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ìgbà míì wà tá a jàre, ìgbà míì sì wà tí ẹkún là ń sun lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, nítorí àgbà ni. Lọ́dún 1976, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife àwọn tó gba ife nílẹ̀ Áfíríkà, Tonnerre Yaoundé ti Kamẹrúùnù ni wọ́n lù. Kò sí kílọ́ọ̀bù Nàìjíríà kankan tó gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí kó tó dìgbà náà. Òkè-Àdó ni Liberty Stadium wọn wà nígbà yẹn, Òkè-Àdó ti Ìbàdàn o, kì í ṣe òkè ti Adó-Àwáyè tá à ń sọ. Odẹ́gbàmí ló wà lápá ọ̀tún, ẹni tí Ernest Okonkwo, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ìjọ́sí, sọ lórúkọ “Mathematical”. Òótọ́ ni bàbá sọ, ọkùnrin náà kì í fi ẹ̀gbẹ́ ìlà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí bàbá gbàgbé. Múdà Lawal ni, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ń gbá àárín. Múdà ò níbùjókòó. Á wá ràn àwọn dífẹ́ńdà lọ́wọ́, ẹ ò ní í tíì mi èémí tán tẹ́ ẹ máa rí i níwájú gólì àwọn ẹlòmíì.

Ìyẹn náà ló ṣe ní March 22, ọdún 1980, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, nígbà tí Nàìjíríà na Àlùjíríà ní ayò 3 sí òdo tá a fi gba ife Áfíríkà àkọ́kọ́. Odẹ́gbàmí jẹ 2, ẹni tó jẹ ẹ̀kẹta ni Múdà. Ẹni tó dúró jẹ ayò, ẹni tó ń rìn káàkiri náà jẹ ayò. Ká ní gbogbo wọn ló ń ṣe bíi Múdà ni, ta ni ì bá wà lápá ọ̀tún láti gba bọ́ọ̀lù? Ká ní gbogbo wọn ló ń ṣe bí Odẹ́gbàmí ńkọ́? Àwọn Àlùjíríà ò bá ti mọ ilé oníkálukú.

Àwọn ará Họ́láńdì ló wá sọ ọ̀rọ̀ rírìn káàkiri yìí di ẹ̀kọ́. Rinus Michels fi kọ́ àwọn Ajax, ó sì gbé e lọ sí ìdíje ife àgbáyé ọdún 1974 pẹ̀lú Johan Cruyff. Bí dífẹ́ńdà bá lọ síwájú, ẹlòmíì á bọ́ sí àyè ẹ̀, bí ẹni iwájú bá sọ̀ kalẹ̀, ẹlòmíì á gòkè. Àwọn tí kò fara balẹ̀ wò ó ló ń rò pé oníkálukú ń ṣe tinú ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Àyè kì í ṣófo, ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń yí padà. Bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn náà ni: òwú tí wọ́n nà gbọọrọ kì í kúrò lójú kan, èyí tó ń gba àárín kọjá ló ń sáré lọ sáré bọ̀. Bí èyí tí wọ́n nà bá dẹ̀, asán ni gbogbo eré tí èkejì ń sá.

Ọmọ Họ́láńdì náà ni Clemens Westerhof tó gba Super Eagles lọ́dún 1989. Ọkùnrin yẹn le, kì í fẹ́ ìranù. Síbẹ̀, òun ló jẹ́ kí Finidi George àti Emmanuel Amuneke máa fò bí ẹyẹ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí Rashidi Yẹkínì ń dúró dè wọ́n láàárín, tí Jay-Jay Okocha sì ń ṣe idán tó bá wù ú. Bí Okocha ṣe ń ṣeré yẹn, ẹ bi ara yín pé ta ló ń ṣọ́lé. Sunday Oliseh ni. Oliseh ò jó, kò ta kìtì, ẹ̀yìn Okocha ló wà, bí bọ́ọ̀lù bá ti já, òun lá gbé e. Ẹni tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún ni Okocha, ṣùgbọ́n ẹ yọ Oliseh kúrò, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ijó yẹn á gbayì.

Lọ́nà yìí la fi gba ife Áfíríkà ní ìlú Tunis ní April 10, ọdún 1994. Àwọn Sáḿbíà ló kọ́kọ́ jẹ wá, kí Amuneke tó jẹ 2 mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìdíje ife àgbáyé tẹ̀ lé e ní Amẹ́ríkà. A na Bọ̀gáríà ní 3 sí òdo, Yẹkínì di àwọ̀n mú, ó ń ké. Àwọn Ajẹntínà fi 2 sí 1 lù wá, àwa náà fi 2 sí òdo lu Gíríìsì, ọjọ́ yẹn ni Finidi fi ọwọ́ àti orúnkún rìn bí ajá tó sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ ò tíì gbàgbé ìyẹn.

July 5 ló dé, tó kan Ítálì. Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ ọjọ́ náà nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, àwọn àgbà á mi orí. Amuneke ti jẹ ayò kan ní ìṣẹ́jú 25. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 75, rẹfirí fún Gianfranco Zola ní káàdì pupa, ó ku àwọn Ítálì 10. Ayò kan la fi wà níwájú, èèyàn kan la sì fi pọ̀ jù wọ́n lọ. Ó ku ìṣẹ́jú 2 péré kí ọgọ́rùn-ún ó dín mẹ́wàá pé nígbà tí Roberto Baggio jẹ ẹ́. Nínú àfikún àkókò, ní ìṣẹ́jú 102, Baggio tún fi pẹnáríti gbá èkejì wọlé. Ó tán.

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Baggio ló jẹ ayò méjèèjì. Ohun tí wọn kì í sọ ni ẹni tó fún un jẹ. Roberto Mussi ló gbé bọ́ọ̀lù ayò àkọ́kọ́ fún un. Dífẹ́ńdà ọwọ́ ọ̀tún ni Mussi. Ó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé, èèyàn 10 ni wọ́n, ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn sílẹ̀, ó sáré wọnú bọ́kìsì wa, kò sẹ́ni tó fọkàn sí i. Pẹnáríti yẹn ńkọ́? Antonio Benarrivo ni Augustine Eguavoen gbé ṣubú. Dífẹ́ńdà ọwọ́ òsì ni Benarrivo. Nọ́ńbà 3 ló wà lẹ́yìn aṣọ ẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì wá máa wò ó, Arrigo Sacchi ni kóòṣì wọn, ọ̀kan nínú àwọn tó le jù láyé lórí kí kálukú mọ ibi tó yẹ kó dúró. Àwọn tó ṣẹ́kù dí àyè tí àwọn méjì yìí fi sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè lọ. Àwa ńkọ́? Lójú tèmi, ohun tó pa wá lọ́jọ́ náà ni pé nígbà tí rẹfirí lé Zola jáde, kò sí ohun tó yí padà lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ń jó ṣì ń jó, ẹni tó ń fà sẹ́yìn ṣì ń fà sẹ́yìn, bíi pé èèyàn 11 la ṣì ń bá gbá a. A ò lọ fi ayò kejì tì í, a ò sì pa ilẹ̀kùn dé dáadáa.

Ọdún 1996 tù wá nínú díẹ̀. Ní Olympics Atlanta, Jo Bonfrere, ọmọ Họ́láńdì míì, ló kó wọn lọ. Wọ́n wà lẹ́yìn Bràsíìlì pẹ̀lú 3 sí 1 nígbà ìsinmi, Okocha tún fi pẹnáríti ṣòfò. Victor Ikpeba jẹ ọ̀kan, Kanu jẹ ọ̀kan nígbà tí eré fẹ́ parí, ó tún jẹ èyí tó parí ẹ̀ nínú àfikún àkókò, 4 sí 3. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n na Ajẹntínà ní 3 sí 2 gba wúrà. Ẹni tó bá ní oríire lásán ni, kó rántí pé àwọn ọmọ yẹn wà lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì nínú àṣekágbá yẹn tí wọ́n sì dìde.

Okocha yìí kan náà ló tún kọ́ àwọn òyìnbó lẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó dé Bolton lọ́dún 2002. Sam Allardyce ni kóòṣì ibẹ̀. Ọkùnrin tó gbà pé kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gígùn, kí wọ́n ka iye ìgbà tí wọ́n jù ú, kí wọ́n ṣírò gbogbo ẹ̀. Èèyàn á rò pé irú kóòṣì bẹ́ẹ̀ á so Okocha mọ́lẹ̀. Kò so ó. Ó gbé Iván Campo, ọmọ Sípéènì, sẹ́yìn ẹ̀ kó máa ṣọ́ àárín, ó fi Okocha ṣe kápútẹ̀nì, ó sì ní kó máa lọ síbi tó bá wù ú. Ọdún 4 ni Okocha fi dá wọn lára yá níbẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé orí èyí tó ṣì ń dun àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí ìdíje ife Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Ivory Coast ní January 2024, dífẹ́ńdà 4 ni José Peseiro kọ́kọ́ tò, àwọn Equatorial Guinea gba ọ̀mì 1 sí 1 lọ́wọ́ wa. Ariwo ta. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ẹ̀, Peseiro yí i padà. Ó kó mẹ́ta sẹ́yìn, William Troost-Ekong, Calvin Bassey àti Semi Àjàyí, ó ní kí Ọlá Àìná àti Zaidu Sanusi máa gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ bọ̀. A na Ivory Coast fúnra wọn ní 1 sí òdo, ìgbà tá a sì máa gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4 tán pẹ̀lú ìtò yìí, kò sẹ́ni tó jẹ wá ní ayò kan ṣoṣo. Èèyàn tó wà lẹ́yìn ló jẹ́ kí Adémọ́lá Lookman lómìnira níwájú. Ó jẹ 2 mọ́ Kamẹrúùnù lọ́wọ́, ó jẹ 1 mọ́ Àngólà lọ́wọ́.

Bá a ṣe dé àṣekágbá ní February 11 nìyẹn, Ivory Coast náà la tún bá pàdé. Ṣùgbọ́n Ivory Coast ìjọ́sí kọ́ o. Wọ́n ti pààrọ̀ kóòṣì, Emerse Faé ti gba iṣẹ́ náà. Sébastien Haller àti Simon Adingra tí wọ́n fara pa nígbà àkọ́kọ́ ti yá. Àwa nìkan la ò yí padà. Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 38, làwọn ọmọ wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, wọ́n ń ṣọ́ ayò kan. Apá ọ̀tún wa ni Adingra ti ń ṣe wá bó ṣe wù ú. Òun ló gbé èyí tí Franck Kessié fi orí kàn ní ìṣẹ́jú 62, òun náà ló gbé èyí tí Haller fi ẹsẹ̀ yí wọlé ní ìṣẹ́jú 81. Láti orí ayò àkọ́kọ́ dórí èkejì, odidi ìṣẹ́jú 19, gbogbo ọjà ló rí ibi tí iná ti ń jó, kò sẹ́ni tó gbé omi lọ síbẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Ìtò tó gbé wa débẹ̀ náà ló sin wá síbẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n wá gbé ẹ̀bi ru Alex Iwobi. Wọ́n bú ọmọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé ó yọ àwọn fọ́tò ẹ̀ kúrò. Wọ́n ní kò ṣe bíi Okocha, tó jẹ́ ìbátan ìyá ẹ̀. Ẹ dákun, ibo ni wọ́n fi í sí? Àwọn méjì péré ni wọ́n kó sí àárín, iṣẹ́ Oliseh ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, wọ́n wá ń bi í pé kí ló dé tí kò jó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ipò ń ṣe fún ọmọ èèyàn, ẹ wo Lookman. London ni wọ́n bí i sí, ó gbá bọ́ọ̀lù ní Everton, ó lọ sí Leipzig ní Jámánì, ó dé Fulham àti Leicester, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń tì í sí, inú kálukú ò sì dùn tán. Lọ́dún 2022 ló dé Atalanta ní Ítálì lọ́dọ̀ Gian Piero Gasperini. Kóòṣì yẹn fà á wá sí tòsí gólì. Lọ́dọ̀ tiẹ̀, dífẹ́ńdà àárín pàápàá ń sáré wọ bọ́kìsì àwọn ẹlòmíì, ṣùgbọ́n kálukú ló mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ dì mú bí bọ́ọ̀lù bá já. Ní May 22, ọdún 2024, ní ìlú Dublin, Atalanta bá Bayer Leverkusen gbá àṣekágbá Europa League. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 51 ni Leverkusen ti gbá láìfìdí rẹmi. Lookman nìkan jẹ ayò 3. Ìgbà tó fi di December ọdún yẹn, òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù ní Áfíríkà. Ẹsẹ̀ kan náà ló gbé dé láti England o. Àyè ló yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Adó-Àwáyè, nítorí mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn.

Nígbà tí wọ́n sinmi, kóòṣì lọ bá a lábẹ́ igi. Ó pè é lórúkọ, ó ní kó ṣí aṣọ lójú. Èmi àti bàbá sún mọ́ ọn díẹ̀ ká lè gbọ́, ẹ má dá wa lẹ́bi. Ohun tí mo rò pé màá gbọ́ ni èébú. Àmọ́ kóòṣì pe nọ́ńbà 6, ọmọ kan tó sanra díẹ̀, tí kò sáré rárá ní ìdajì àkọ́kọ́. Ó ní, “Ìwọ, bí èyí bá ti gbéra, ibi tó fi sílẹ̀ ni kó o lọ. Má wo bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni kó o wò.” Ó wá kọjú sí ọmọ náà, ó ní, “Ìwọ náà, kó o tó lọ, wẹ̀yìn.”

Bí wọ́n ṣe fi í padà sínú pápá nìyẹn. Eré ọ̀rẹ́ ni, kò sẹ́ni tó bá wọn jà lórí ìyẹn. Bàbá ní, “Kóòṣì yìí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà.” Ọlọ́kadà ní, “Rárá o bàbá, tiyín ló gbọ́.”

Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n parí nígbà tí bọ́ọ̀lù tún bọ́ sẹ́sẹ̀ nọ́ńbà 3. Mo rí i tí ó yí ọrùn, ó wẹ̀yìn. Nọ́ńbà 6 na ọwọ́ sókè sí i. Ló bá gbéra.